Ta Ni Kí Ó Ṣọ́ Oògùn Wa, Ta Ni Kí Ó Sì San Owó Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ gbé yẹ̀wò lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ilé. Owó ìwòsàn ga, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń rà ní oògùn ni ó jẹ́ oògùn. Àwọn kan ní kí ìjọba fi òfin de àwọn onílé ìwòsàn àti àwọn olóògùn, kí ó sì dá iye owó lé ohun gbogbo. Àwọn mìíràn ní kí ìjọba yọwọ́, nítorí pé ìdíje láàárín àwọn òǹtajà ni yóò mú owó wálẹ̀. Èwo ni ó tọ́ nínú méjèèjì?

Ẹ má jẹ́ kí a fi ojú tín-ín-rín wo àwọn tí ó ń gbèjà ọjà. Òǹtajà ni púpọ̀ nínú wa, a sì mọ̀ pé ìdíje ń ṣiṣẹ́. Bí aláta kan bá gbé owó lé ata, a ó kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí tòmátì bá ti bàjẹ́, ojú yóò rí i, imú yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní apá kan nínú ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan bá ń jágbe mọ́ aláìsàn, tí ti ibòmíràn sì ń tọ́jú wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, a mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò máa lọ.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó mú ìwòsàn yàtọ̀ sí ata. Èkíní, ìyá tí gìrì mú ọmọ rẹ̀ ní òru kò lè dúró ná ọjà, kò sì lè sọ pé òun ń bọ̀ lọ́la. Èkejì, ojú kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ìgò oògùn. Ní 1990, ọ̀pọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ kú ní Ìbàdàn àti ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu Paracetamol olómi. Kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ni ó wọ inú rẹ̀ dípò èyí tí ó yẹ kí wọ́n fi pò ó. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà daṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò lè tọ̀ mọ́. Ìyá wo ni ì bá ti mọ̀? Èyí tí ó ná oògùn náà dáadáa àti èyí tí kò ná an, májèlé kan náà ni wọ́n gbé lọ sílé. Ibi tí ojú òǹrajà kò bá dé, ìdíje kò lè ṣọ́ ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi nílò ìjọba. Òfin 1993 ni ó dá NAFDAC sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tí ó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ láti 2001 sí 2008, ti pàdánù àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988 nítorí ayédèrú oògùn àtọ̀gbẹ. Ó gbógun ti àwọn oníṣẹ́ ibi náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn agbébọn fi yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní December 2003, tí ọta ìbọn sì gba inú gèlè rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, ní òpin 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, kẹ́míkà kan náà tún wọ inú oògùn eyín ọmọ, ọmọ 84 ni ó sì kú. Àwọn tí ó ṣe oògùn náà ra èròjà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Òfin inú ìwé kì í ṣọ́ ènìyàn. Àwọn tí ó ń lọ yẹ ilé iṣẹ́ wò ní ń ṣọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ iye owó wá ńkọ́? Láti 1979, ìjọba UPN sọ ìwòsàn di ọ̀fẹ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀, orúkọ ọ̀fẹ́ kù, oògùn sì ń tán lórí pẹpẹ. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní December 31, 1983, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà ni pé a kàn ń rí dókítà ní ilé ìwòsàn ni, a kò rí oògùn. Kò sí ọ̀fẹ́ tí ẹnì kan kò sanwó rẹ̀. Bí àpò ìjọba bá gbẹ, ara aláìsàn ni yóò san án.

Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali. Wọ́n ní kí ará ìlú máa san owó díẹ̀ fún oògùn, kí a fi owó náà ra òmíràn, kí ará ìlú fúnra wọn sì máa bójú tó o. Ètò yìí dá oògùn padà sórí pẹpẹ ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó díẹ̀ náà kù sí ẹnu ọ̀nà.

Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà. Oògùn tí a yẹ̀ wò dáadáa kì í pọ̀ ní owó tí kò níye lórí. Ní August 2023, GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà. Náírà ti já wálẹ̀, owó oògùn òkèèrè sì di ìlọ́po. Ẹni tí kò lè ra ojúlówó ni yóò ra èyí tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀. Nítorí náà, ìjọba tí ó ṣọ́ dídára oògùn, ṣùgbọ́n tí kò ran tálákà lọ́wọ́ láti rà á, ti lé tálákà padà sọ́dọ̀ oníjìbìtì.

Ohun kan náà ni ó ṣe òfin ìlera ti 2014. Ó ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ lé aláìsàn pàjáwìrì sẹ́yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí ó san 100,000 náírà tàbí kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó abẹ́rẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ tí dókítà aládàáni lò? Bí òfin bá pàṣẹ àánú, tí owó rẹ̀ kò sì dé, ó gbé ẹrù gbogbo ìlú lé ẹnì kan lórí.

Àpò kan ṣoṣo ni ó lè gbé ẹrù yìí, èyíinì ni àpò àjùmọ̀ní. Ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2005, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní pàtàkì. Òfin 2022 wá sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn, ó sì ní kí a dá owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni kò tíì sí nínú rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé, “Èmi tí ara mi le, kí ni mo fẹ́ sanwó àìsàn ẹlòmíràn sí?” Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èésú mọ ìdáhùn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o kò rẹ́ àwọn yòókù jẹ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a mọ ọjọ́ tí èésú yóò kàn wá, ṣùgbọ́n àìsàn kì í sọ ọjọ́ tí yóò dé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan dá tirẹ̀ títí, tí kò ṣàìsàn kó o, ẹ̀bùn ńlá ni ó gbà.

Èrò wa nìyí: kí àwọn òǹtajà máa díje níbi tí ojú wa lè yẹ ọjà wò, kí ìjọba ṣọ́ ibi tí ojú wa kò dé, kí gbogbo wa sì jọ dáwó fún ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè ná ọjà. Ẹ jẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé wa. Ẹ máa wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ má ra oògùn nínú ọkọ̀, kí ẹ sì béèrè bí ẹgbẹ́ ọjà yín ṣe lè wọ ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ yín. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.