“Ó Dára Nígbà tí Mo Gbé E Sílẹ̀”

Gbólóhùn kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ìlú Kàdúná yìí nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí olúkúlùkù sì ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà. Ẹnì kan yóò rántí pé Peugeot kan wà ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò rìn láti nǹkan bí ọdún 5. Yóò lọ tọrọ rẹ̀. Olówó ọkọ̀ yóò sì wí pé, “Mú un lọ. Ó dára nígbà tí mo gbé e sílẹ̀.” Kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí ìjánu ọkọ̀ náà bá kọ̀ lójú ọ̀nà, tí ẹ̀mí sì bá a lọ, ǹjẹ́ a lè wí pé ọwọ́ ẹni tí kò purọ́, tí kò sì mọ̀, mọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láti ọdún 1975 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná níhìn-ín, àgbàlá tí 504 àtijọ́ kan kò sí lè ṣọ̀wọ́n nígbà kan. A gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí ìlú mìíràn, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kú, àwọn ọmọ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò ni ọkọ̀, ọkọ̀ sì dúró sójú kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí a kò lò kì í gbó. Ìjánu kò gba èyí. Epo rẹ̀ a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Omi náà a mú kí inú sílíńdà dípẹtà, ìpẹtà a sì ha rọ́bà tí ó sé epo mọ́. Họ́ọ̀sì a wú nínú, tó bẹ́ẹ̀ tí epo lè kọjá bí a bá tẹ ìjánu, kí ó má sì lè padà bọ̀.

Àgbà mẹkáníìkì ní Panteka kì í sáré mú sípánà. Ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi wádìí. Bí ìjánu bá rọ̀ bí búrẹ́dì tútù, afẹ́fẹ́ ti wọ inú epo. Bí ó bá le, ṣùgbọ́n tí ó ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ bí a ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, rọ́bà inú másítà ni. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì ni kò dì í mú dáadáa. Bí ẹsẹ̀ kan bá gbóná ju ìyókù lọ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ìjánu ibẹ̀ kò tú sílẹ̀.

Èyí tí ó burú jù kì í sì í fara hàn nínú àgbàlá. Epo tí a kọ DOT 3 sí lára, bí ó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n 205 ti Celsius. Bí omi inú rẹ̀ bá ti di 3.7 nínú 100, 140 péré ni a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú àgbàlá, ó tutù, ìjánu le koko lábẹ́ ẹsẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, pẹ̀lú èrò 7 àti àpò ẹrù, omi náà a hó di oruku, ẹsẹ̀ awakọ̀ a sì kan ilẹ̀ lásán. Ẹni tí ó wí pé, “Mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó le,” kò purọ́ pẹ̀lú.

Ní ọdún 1877, William Clifford, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa olówó ọkọ̀ ojú omi kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó. Iyèméjì wọ ọkùnrin náà lọ́kàn, ó lé e jáde. Ó ní ọkọ̀ náà ti ń lọ ti ń bọ̀ láìséwu. Ó rì, àwọn èrò kú. Clifford ní ó jẹ̀bi, nítorí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ohun tí kò wádìí gbọ́. Àní bí ọkọ̀ náà bá gúnlẹ̀ ní àlàáfíà, ó jẹ̀bi síbẹ̀, àṣírí rẹ̀ ni kò tú. Clifford mọ ohun tí ó ń sọ: ọkọ̀ ojú omi kan ti rì mọ́ òun náà nítòsí Sicily ní 1870, orí ni ó kó o yọ.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé iyèméjì kò tilẹ̀ wọ ọ̀rẹ́ wa lọ́kàn rárá, àti pé òfin Mósè pàápàá kò dá ẹ̀bi ikú fún olówó màlúù tí ń kàn, àfi bí a bá ti kìlọ̀ fún un. Ta ni ó kìlọ̀ fún olówó ọkọ̀ yìí? Èmi wí pé bátìrì kìlọ̀ fún un. Kò sí ẹni tí yóò jí ọkọ̀ tí ó ti sùn fún ọdún 5 tí kò ní wá bátìrì mìíràn, tí kò ní fẹ́ táyà. N kò gbọ́ rí kí ẹnikẹ́ni wí nípa bátìrì pé ó dára nígbà tí òun gbé e sílẹ̀. Èé ṣe? Nítorí pé bátìrì tí ó kú yóò dójú tì í lójú ẹsẹ̀, níwájú ilé rẹ̀. Ìjánu ní tirẹ̀ yóò gbé e jáde ní ẹnu ọ̀nà, yóò sì lọ dúró de ẹlòmíràn níwájú. Ó mọ̀ pé ọdún ń ba nǹkan jẹ́. Èyí tí yóò dá òun dúró ni ó yẹ̀ wò.

Wọ́n a ní owó kò sí láti tú gbogbo ìjánu palẹ̀. Mo gbà, ọjà kò tà bí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n “N kò mọ bí ìjánu rẹ̀ ti rí” kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀ kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó yá ọkọ̀ nìkan ni yóò gbọ́ ọ. Ìyá tí ń ta iṣu lẹ́bàá títì kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́, kò sì gbà pé kí wọ́n dán ìjánu wò lára òun.

Ọkọ̀ kan wà ní àgbàlá mi. Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá tọrọ rẹ̀ láti lọ sí ìsìnkú. Mo ní kí ó dúró di Sátidé kí a kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ni ẹ sọ pé kò ní wàhálà kankan.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó bínú díẹ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀ èrò.