Bí A Ṣe Ń Tọ́ Oúnjẹ Ìlú Onílùú Wò

Àwọn àgbà ní, ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọ̀rọ̀ oko yìí kan ọ̀rọ̀ ìkòkò pẹ̀lú. Ẹni tí kò jẹun kúrò ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí rí kò lè mọ ohun tí àdúgbò náà ní gan-an, nítorí kò rí nǹkan kan fi wé e. Ìdí nìyí tí kí ènìyàn ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, kó lọ tọ́ oúnjẹ ìlú kékeré kan wò, fi jẹ́ ohun tó yẹ ká fi ọwọ́ pàtàkì mú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ìlú kéékèèké mìíràn a máa kó oúnjẹ wọn jọ de àlejò. Ìlú Gilroy ní California dá àjọ̀dún aáyù sílẹ̀ ní 1979, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ á sì bá oríṣiríṣi ohun tí wọ́n ń fi aáyù sè lójú kan náà. Ìgbògbò, ìlú kan ní ẹ̀gbẹ́ Ìkòròdú ní ìpínlẹ̀ Èkó, kì í kó tirẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ wà ní etí ọ̀sà, ó wà lọ́jà, ó wà lẹ́yìnkùlé àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àkókò tirẹ̀. Àlejò ni yóò tẹ̀ lé oúnjẹ. Oúnjẹ kò ní dúró de àlejò. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni, ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ ohun tí ará Ìgbògbò ń jẹ níláti gbà láti jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ìgbògbò àti Bayékù ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó so pọ̀ di agbègbè ìdàgbàsókè kan ní 2003, ìsopọ̀ náà sì bá ìkòkò wọn mu. Ìgbògbò ló ní ilẹ̀ oko, Bayékù ló wà létí ọ̀sà. Ẹ̀gẹ́, ewùrà àti kókò ń ti apá kan wá, ẹja, edé àti akàn ń ti apá kejì wá, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ti ń pàdé. Ẹni tó bá mọ èyí kó tó dé kò ní máa béèrè ìdí tí ẹja fi wà nínú gbogbo ọbẹ̀.

Etí omi ló yẹ kí ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn apẹja tó ti ń dẹ àwọ̀n láti òru bá ń gúnlẹ̀. Omi ọ̀sà kì í rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Lásìkò òjò, omi odò a bò ó, a dùn lẹ́nu. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọlé, iyọ̀ a sì mú un. Ohun tó bá wà nínú omi ń bá a yí padà, nítorí náà kò yẹ kí àlejò ti ilé pinnu irú ẹja tí òun fẹ́ jẹ. Ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, ẹpìyà tàbí akàn: èyí tó bá jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà ni oúnjẹ ọjọ́ náà.

Ibẹ̀ náà ni òwe kan tí gbogbo ènìyàn ń pa ti ń fi ara rẹ̀ hàn kedere: ẹja tútù là ń ká, gbígbẹ rẹ̀ kò ṣe é ká. Obìnrin tó ń yan ẹja á fọ àrọ̀ mọ́, á fi iyọ̀ ra á lára, á wá ká a kí ìrù rẹ̀ lè kan ẹnu, á sì fi igi tín-ín-rín gún un kó má baà tú. Bó bá jẹ́ kí ara rẹ̀ le kó tó ká a, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò tò wọ́n sórí irin tó tẹ́ sórí iná igi. Iná náà kò gbọdọ̀ pọ̀, èéfín ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀, ẹja ńlá a sì máa wà lórí rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ yìí kò ní lè já owó ẹja sílẹ̀ jù mọ́.

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi gbọdọ̀ ṣáájú ọwọ́. “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kó tó kan iye tí wọ́n ń tà á. Wọn kì í fọwọ́ kan ọjà onílé láìtọrọ gáfárà, wọn kì í fi ọwọ́ òsì gba oúnjẹ, wọn kì í sì í gbé fóònù sókè láti ya ìyá àgbàlagbà kan nídìí iná láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kí ènìyàn dáadáa á gbọ́ àlàyé, ó sì ṣeé ṣe kó rí ènì gbà.

Ọ̀sán ni ìkọ́kọrẹ́ dára jù, òun gan-an sì ni ó yẹ kí àlejò pa ebi mọ́ dè. Ewùrà ni wọ́n fi ń ṣe é. Omi pọ̀ nínú ewùrà ju iṣu funfun lọ, kò ṣe é gún ní iyán tó gbámúṣé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ibòmíràn fi ń fojú kéré rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú, tí ará Ìgbògbò wà lára wọn, rí iṣẹ́ tó yẹ ẹ́. Wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín lára agolo tí wọ́n ti fi ìṣó dá lu, títí yóò fi kúnná tí yóò máa yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á sì fi iyọ̀ sí i. Lórí iná, ata, epo pupa, irú, edé àti ẹja yíyan á ti máa hó. Wọ́n á wá máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní ìṣù-ìṣù. Ibi tí ọwọ́ wàdùwàdù ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ rèé: ẹni tí kò ní sùúrù á rò ó lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì yọ́ pọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Alásè tó mọṣẹ́ á dín iná kù, á bo ìkòkò, á sì fi í sílẹ̀ kí ìṣù náà lè dì. Ìgbà náà ni yóò tó fi ṣíbí yí i jẹ́jẹ́, kí díẹ̀ lè fọ́ láti mú ọbẹ̀ ki, kí ìyókù sì wà lódidi fún eyín.

Ẹ̀bà tó ti tutù ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú fi ń jẹ ẹ́. Èyí máa ń ya àlejò lẹ́nu, ọ̀pọ̀ a sì sọ pé gbígbóná làwọn fẹ́. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ́ bí onílé ti ń jẹ ẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná àti ẹ̀bà tútù ń dín ara wọn kù lẹ́nu, kíkan ẹ̀bà náà sì ń gé epo. Wọn kò ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kíkan yìí ló gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú kúnná, ó gbẹ, ó sì kan, ọjọ́ ló sì ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí omi lè jáde, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lè kan. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rínrin, kíkan, títẹ̀ àti yíyan ló ń lé e jáde. Wọ́n á kù ú, wọ́n á wá yan án nínú agbada, àfọ́ igbá lọ́wọ́, láìdáwọ́ dúró. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ wò lọ́jà ni pé kí ènìyàn fi ìka bu ìwọ̀nba, kó jù ú sẹ́nu: ó yẹ kó ró lẹ́nu, kó kan, kí iyanrìn má sì sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi omi tútù rẹ ẹ́ lọ́sàn-án, tó fi ẹ̀pà àti ẹja díndín sí i, ti mọ ohun tó ń tu òṣìṣẹ́ oko lára.

Ó yẹ ká rántí níbí pé àwọn oúnjẹ wọ̀nyí pàápàá ti rìn jìnnà. Ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti ata, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Ọkọ̀ àwọn Potogí ló gbé ẹ̀gẹ́ dé etíkun Áfíríkà. Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti mú ewùrà wá. Ohun tó jẹ́ ti Ìgbògbò níbẹ̀ ni ọwọ́ tó ń sè é, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró dè é.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀jọ̀jọ̀ á jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: ewùrà kan náà, tí wọ́n rin, tí wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà sí, tí wọ́n sì dín nínú epo. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Bó bá tutù, ó ti bọ́. Èbìrìpò, tí wọ́n fi kókò rínrin pọ́n sínú ewé, ṣòro díẹ̀ láti rí lójú títì, inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é jù.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tó bá jẹ àjẹyó ní etí omi kò ní lè mọ adùn ìkọ́kọrẹ́. Ẹni méjì lè pín abọ́ kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n san owó abọ́ náà pé. Kò dára kí ènìyàn máa bu oúnjẹ olóúnjẹ tọ́ wò láti orí igbá dé orí igbá láìra nǹkan kan. Ó sì yẹ kí ẹni tí akàn tàbí edé ń bá ara rẹ̀ jà tètè sọ, nítorí edé kì í hàn nínú ọbẹ̀.

Àṣìṣe kan tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n fẹ́ fi ìlú Ẹ̀pẹ́ kún ọjọ́ náà. Ẹ̀pẹ́ tó ọjọ́ kan fúnra rẹ̀. Ọjà Olúwo tó wà níbẹ̀ gbajúmọ̀ fún ẹja, ìlú náà sì ní ìran méjì, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́, láti ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sá kúrò ní Èkó lẹ́yìn ogun 1851. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ jìn, ẹni tó bá sì sáré dé ọjà ẹja lọ́sàn-án gangan yóò bá àṣẹ́kù.

Ẹni tó bá ń ra ẹja yíyan lọ sílé kó fi ìwé tàbí apẹ̀rẹ̀ gbé e. Ọ̀rá a máa mú un làágùn, yóò sì bu. Gààrí kò ní wàhálà, bó bá ṣá ti gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí omi láti Bayékù kọjá sí apá Ajah níláti tètè kúrò, kó sì wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò orí omi, torí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò fàyè gba kí ọkọ̀ ojú omi kó èrò lálẹ́.