Sún Kẹrẹ, Fà Kẹrẹ: Ta Ló Di Mọ́tò Mú?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó lọ jìnnà. Bí mọ́tò onígíà bá dúró lórí òkè tí kò yí padà sẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ló bá dírẹ́bà dì í mú, ṣé a ṣì lè sọ pé dírẹ́bà náà mọ ọkọ̀ wà? Àbí ẹ̀rọ ló yẹ ká kí?

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lójú yín. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbé Alímọ̀ṣọ́ bíi tèmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ìkànìyàn ọdún 2006 ní àwa 1,277,714 là ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé a lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tó wù kí ẹ gbà gbọ́ níbẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa jọ ń há sí: láti Ìkòtún sí Ìdímù, láti Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìyánà-Ìpájà, láti Ìgàndò sí Ìyánà-Ìbà. Sún kẹrẹ, fà kẹrẹ. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ tó báyìí, tí mọ́tò sì sún mọ́ra tó báyìí, bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ṣìnà díẹ̀, ẹlòmíràn ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ dírẹ́bà kò kan ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé o. Wọlé Ṣóyínká tó kọ eré The Road ní 1965, eré tó kún fún dírẹ́bà àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, òun náà ló jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá kéré jù fún un, kò kéré jù fún wa.

Awuyewuye tó bí àròkọ yìí kì í ṣe tuntun. Ẹ wọ dánfó tó há sínú gó-síló, kí ẹ sì jókòó síwájú. Kò ní pẹ́ tí dírẹ́bà fi máa na ọwọ́ sí jíìpù ọtọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: “Ṣé èyí náà ń wa mọ́tò ni? Ó kàn jókòó ni jàre. Kó wá di tèmi yìí mú lórí òkè, ká wò ó.” Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi náà fẹ́ kí a gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe.

Kílọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí, táyà dúró. Àárín àwọn méjèèjì ni ohun pẹlẹbẹ roboto kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní plate. Bí dírẹ́bà bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá, plate á tú kúrò lára flywheel ẹ́ńjìnnì, agbára kò ní dé táyà mọ́. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ tán, àwọn méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á jọ máa yí. Bó bá sáré jọ̀wọ́ rẹ̀, mọ́tò á fò bí àkèré, á sì kú. Iṣẹ́ gidi wà láàárín: ibi tí plate ti ń ra flywheel láìtíì lẹ̀ mọ́ ọn tán. Òun ni wọ́n ń pè ní bálánsì. Nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì dírẹ́bà ń gbé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹni tó bá sọ pé ìjókòó lásán ni, kó gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ẹ wá ro ti ibi gígùn, bíi ká wà nínú gó-síló tí ń gun afárá Dòpémù. Bí ọ̀nà bá ga sókè ní mítà 1 nínú mítà 10, tí ohunkóhun kò sì di mọ́tò mú, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1 á ti yí padà tó nǹkan bí ìdajì mítà. Bó bá fi máa di ìṣẹ́jú àáyá 2, á ti tó nǹkan bíi mítà 2. Mítà 2 yẹn ni gígùn ọ̀kadà kan láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn. Ní àdúgbò wa, ọ̀kadà ló sì máa ń wà lẹ́yìn dánfó, pẹ̀lú ìyá kan tó gbé ọmọ ilé ìwé sáàárín. Àwọn àgbà ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Lórí òkè yẹn o, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Báwo wá ni àwọn dírẹ́bà wa ṣe ń yanjú rẹ̀ látijọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ mọ́lùẹ́ rí, tàbí tí ẹ ti rí lọ́rì arúgbó tó ń gun òkè, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, dírẹ́bà á kígbe “Wẹ́ẹ̀jì!” Ọmọkùnrin kan á bẹ́ sílẹ̀ tòun ti igi gbọọrọ lọ́wọ́, á sáré ju igi náà sẹ́yìn táyà, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀. Dírẹ́bà á wá fara balẹ̀ wá bálánsì rẹ̀, mọ́tò á gbéra, ọmọ náà á yọ igi, á tún sáré fò mọ́ ọn. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ń sún mọ́ táyà yẹn lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá gun òkè tán, dírẹ́bà ni àwọn èrò máa ń kí.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ọmọ yẹn bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ní 1936, ilé iṣẹ́ Studebaker ní Amẹ́ríkà gbé ohun kan tí wọ́n pè ní Hill Holder wọnú mọ́tò wọn. Bí dírẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì lórí òkè, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì á máa di mọ́tò mú títí dìgbà tó bá jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì láti lọ. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò: ó mọ̀ pé ọkọ̀ dagun, á sì di bíréèkì mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2 lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú nígbà tí à ń jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, kọ̀ǹpútà á fi agbára kún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn gan-an ni mítà 2 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wẹ́ẹ̀jì ni kọ̀ǹpútà yìí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kò ní ìka tí táyà lè gùn.

Nítorí náà, mo fẹ́ bi dírẹ́bà tó ń yangàn yẹn: ìgbà wo gan-an ló dá wa mọ́tò rí? Bó bá jẹ́ ọmọ òtòṣì ló ń ràn án lọ́wọ́, a ní dírẹ́bà mọṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ, a ní dírẹ́bà kò mọ nǹkan kan. Kí ló yàtọ̀, bí kì í bá ṣe pé a kò ka ọmọ yẹn sí ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́? Lójú tèmi, ìwà yìí burú ju kéèyàn má mọ kílọ́ọ̀ṣì jọ̀.

Ẹ má rò pé mo ti dá ẹjọ́ tán o. Àwọn tó fara mọ́ dírẹ́bà náà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Wọ́n á ní ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá kọ́ ọkọ̀ lórí mọ́tò tó ń di ara rẹ̀ mú, bí wọ́n bá gbé kòrópe àtijọ́ fún un lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa retí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń pariwo, a mọ̀ bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, a sì mọ̀ bí kò bá sí. Ẹ̀rọ kì í pariwo. Ó lè gbé èèyàn pọ̀n fún ọdún mẹ́wàá kí onítọ̀hún sì máa rò pé ẹsẹ̀ òun ni òun fi ń rìn. Ibi tí ewu wà nìyẹn.

Wọ́n tún ń sọ pé kílọ́ọ̀ṣì ń kọ́ni ní sùúrù. Èyí ni n kò gbà. Ẹsẹ̀ kan náà tó ń fi sùúrù jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, òun náà ló máa ń yà gba wọ́n-wéè bí gó-síló bá le. Àwọn kan á sì máa fi bálánsì nìkan di mọ́tò mú lórí òkè láìtẹ bíréèkì, kí èrò iwájú lè rí i pé wọ́n gbọ́nsẹ́. Lásìkò yẹn, plate ń jó ni. Òórùn tó ń wọlé yẹn, òun ni. Ta ló máa ra plate tuntun? Ó lè jẹ́ ẹni tó ni ọkọ̀, tó ń retí dẹlífárì lálẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá sì yẹ̀, ìyá orí ọ̀kadà ló ń san tirẹ̀. Iyì jẹ́ ti ẹnì kan, gbèsè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Èyí kọ́ ni mo ń pè ní ìmọ̀.

Ibo wá ni mo dúró sí? Ẹ wo ọ̀kadà Honda Super Cub tó jáde ní Japan ní 1958. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri fún oníbàárà lè fi ọwọ́ kan wà á, kí ọwọ́ kejì di àwo oúnjẹ mú. Torí náà wọ́n yọ kílọ́ọ̀ṣì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣe é kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Ẹrù mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ìrànwọ́ nìyẹn: ẹrù wo ló wà lọ́wọ́ ẹ? Bí ẹ̀rọ bá gba ìyọnu òkè lórí dírẹ́bà ní Ìkòtún, tí dírẹ́bà wá fi ojú tó rí àyè yẹn wo ọmọ tó ń ta omi láàárín mọ́tò, ó wo dígí ẹ̀yìn kó tó gbéra, ìrànwọ́ náà dáa. Bó bá fi àyè yẹn gbé fóònù sétí, ó ti ja ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lólè. Kò sì sẹ́ni tó máa mú wẹ́ẹ̀jì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá bí mọ́tò bá yí padà. Dírẹ́bà ni wọ́n á mú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kéèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ́ ọ ná, títí kan bíréèkì ọwọ́, kó lè mọ ibi tí agbára òun parí sí. Lẹ́yìn náà kó gba ìrànwọ́, kó sì mọ̀ pé ìrànwọ́ lòun ń gbà. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n pọn òun, ó lè sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn bó bá rẹ ẹni tó pọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí fóònù ń bá kọ assignment náà, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ lónìí.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kó gbé bírò, kó kọ tirẹ̀ fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá tún wọ dánfó tó gun òkè láyọ̀, bí ẹ bá ti kí dírẹ́bà tán, ẹ bojú wẹ̀yìn, kí ẹ kí kọ́ndọ́ náà.