Ọwọ́ Ta Ni Àṣírí Wa Wà?

Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, yóò fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kí ó tó la ẹnu, nítorí àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé ògiri létí. Lónìí, inú àpò wa ni ògiri náà wà. Àwa fúnra wa ni a fi owó rà á, àwa náà ni a sì ń gbé e káàkiri. Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: bí a bá fẹ́ yan ilé-iṣẹ́ fóònù tí a ó máa lò, èwo ni kí a kà sí jù, àṣírí wa ni tàbí ààbò wa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ nípa wa. Kí ìpè tó lè wọlé, òpó ìbánisọ̀rọ̀ tí ó wà nítòsí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fóònù wa wà ní sàkání òun. Nítorí náà, bí a kò tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni, ilé-iṣẹ́ náà lè mọ àdúgbò tí a wà. Ó mọ ẹni tí a pè, ìgbà tí a pè é, àti bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 sì pàṣẹ pé kí ó tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún 2. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé a pe ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, pé a pe lọ́yà ní ọ̀sán, pé a sì pe àbúrò wa ní òru, kò nílò láti gbọ́ ohùn wa kí ó tó fura sí ohun tí ń ṣe wá.

Ìjọba ní àwíjàre tirẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, ẹnikẹ́ni lè ra síìmù létí títì láìdárúkọ. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ rí ibi sá pamọ́ sí. Ní ọdún 2011 ni a bẹ̀rẹ̀ sí gba orúkọ, àwòrán àti ìtẹ̀ka àwọn tí ń lo síìmù. Ní ọdún 2015, àjọ NCC bu ìtanràn tírílíọ̀nù náírà 1.04 lé MTN lórí nítorí àwọn síìmù tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ tí ó yẹ, kí wọ́n tó dín in kù sí bílíọ̀nù 330 ní ọdún 2016. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a so síìmù mọ́ NIN. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ìpè lọ́nà fún àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí tí wọ́n ti jí ọmọ rẹ̀ gbé rí kò ní bá ìjọba jiyàn lórí èyí.

Àwọn kan a máa bi wá pé, ẹni tí kò ṣe ibi, kí ni ó ń fi pamọ́? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Olè kọ́ ni wá tí a fi ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Aláìsàn ní àṣírí, ẹni tí ń dúnàádúrà ilẹ̀ ní àṣírí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ àti aya. Abala 37 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa àti ọ̀rọ̀ wa lórí tẹlifóònù. Abala 45 sì gbà pé òfin lè dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò ìlú. Òfin náà fúnra rẹ̀ ń wọn méjèèjì.

Lójú tèmi, ọ̀tá kọ́ ni àwọn méjèèjì. Ká ní ìyá kan wà tí ń ta aṣọ ní Kàdúná. Òṣìṣẹ́ kan ta ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti NIN rẹ̀ fún ọ̀bàyéjẹ́ kan. Ọ̀bàyéjẹ́ náà lọ gba síìmù tuntun lórí nọ́ńbà ìyá yìí. Fóònù ìyá kú lójijì. Ọ̀dọ̀ olè ni iṣẹ́ tí báńkì ń rán ń lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ọjà ti tán. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ni ó wà. Àkọsílẹ̀ tí a gbà nítorí ààbò ni ó di ọ̀nà olè, nítorí pé a kò pa àṣírí inú rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, kí a má ṣe fi ọ̀pọ̀ ìpè nìkan yan ilé-iṣẹ́. Ẹ béèrè bí ó ti ṣòro tó láti gba síìmù tí ó sọnù padà níbẹ̀: èyí tí ń fi ìbéèrè dà wá láàmú ni ọ̀rẹ́ wa. Ẹ béèrè àwọn tí ó ń fi ọ̀rọ̀ wa hàn. Láti ọdún 2013 ni a ti lè kó nọ́ńbà wa lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Lóòótọ́, òfin ìjọba kan náà ni ó de gbogbo wọn. Ṣíṣí láti ọ̀kan sí èkejì kò lè yọ wá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ ìlú ti bẹ̀rẹ̀.

Kò burú kí a fún aṣọ́bodè ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ó burú ni kí a má mọ ìgbà tí ó ṣí ilẹ̀kùn, àti ẹni tí ó ṣí i fún. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè, nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́.