Èémí Ìyè ní Ihò Imú Wa: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Tí Àrùn Imú Ti Pẹ́ Lára Wọn

Ẹ ka: Gẹ́nẹ́sísì 2:7, 2 Àwọn Ọba 20:1–7



Nígbà tí Ọlọ́run fi erùpẹ̀ ilẹ̀ mọ ènìyàn, ihò imú rẹ̀ ni ó mí èémí ìyè sí. A kì í sábà dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí imú rẹ̀ ti dí láti ọdún dé ọdún, tí kò lè sùn lóru àfi kí ó la ẹnu sílẹ̀, tí kò sì gbóòórùn ọbẹ̀ tí ó ń sè mọ́, òun ni ó mọ bí ẹ̀bùn náà ti níye lórí tó. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Emùré àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká.

A ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ní ìjọ kan tí a ti sìn rí, ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ohùn rẹ̀ dùn púpọ̀. Imú bẹ̀rẹ̀ sí dí i. Ikun tí ó ki, tí ó sì ń rùn, ń ṣàn sí ọ̀fun rẹ̀. Ìrora sì wà ní iwájú orí àti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nítorí ìtìjú, ó kúrò láàrin àwọn akọrin, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé Ọlọ́run. Nígbà tí ó tọ̀ wá wá fún ìmọ̀ràn, ààwẹ̀ ni a pa láṣẹ fún un. A sì jẹ́ kí ó rò pé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá tó kò ní í wá dókítà lọ. Oṣù mélòó kan kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, a rí i tí ojú rẹ̀ kan wú títí kò fi ṣeé là, ibà sì mú un gidigidi. A sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nípa àánú Ọlọ́run, ojú náà kò fọ́. Dókítà fi pẹ̀lẹ́ bi wá léèrè ohun tí ó fà á tí a kò fi tètè mú un wá. A kò rí èsì fọ̀. Àwọn àgbà ti wí pé ohun tí ó bá ojú, ó bá imú. Àwa ni a kò fi òye gbọ́ ọ.

Ìwé Mímọ́ kò kọ́ni ní ohun tí a kọ́ ìyá yìí. Olúwa ti gbọ́ àdúrà Hesekáyà ọba, Ó ti rí omijé rẹ̀, Ó sì ti ṣe ìlérí ìwòsàn fún un. Síbẹ̀ wòlíì Aísáyà ní kí a mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí a sì fi í lé oówo náà. Ìlérí Ọlọ́run àti oògùn kò bá ara wọn jà. Oníṣègùn ni Lúùkù, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́. Ìjọ wa pàápàá, tí ń wàásù àdúrà, ni ó dá Ilé Abiyẹ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Bí àdúrà bá lòdì sí ìtọ́jú, kí ni àwọn baba wa kọ́ ilé náà fún?

Ẹ jẹ́ kí a wí ohun tí àwọn dókítà ti kọ́ wa. Àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn wà nínú egungun tí ó yí imú ká: ní iwájú orí, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, láàrin ojú méjèèjì, àti ní ẹ̀yìn imú lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tóóró ni omi inú wọn ń gbà ṣàn bọ́ sí imú. Bí ọ̀nà náà bá wú tí ó sì dí, omi náà a dúró, ó sì lè di ọyún. Ọ̀fìnkìn lásán kì í sábà ju ọjọ́ 10 lọ. Ṣùgbọ́n bí imú dídí, ikun kíki, ìrora ojú tàbí àìgbóòórùn bá wà fún ọ̀sẹ̀ 12, a kò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀fìnkìn mọ́.

Ohun tí ń fà á kì í ṣe ọ̀kan. Eruku ìgbà ọyẹ́, èéfín ààrò, eruku òkúta tí a ń fọ́ àti eruku igi tí a ń là máa ń yọ imú ẹlòmíràn lẹ́nu. Ẹlòmíràn ní ẹran tí ó hù sínú imú. Ti ẹlòmíràn sì ti inú eyín òkè tí ó jẹrà wá. Nítorí náà, oògùn aládùúgbò ẹni lè má jẹ́ oògùn ẹni.

Àwọn kan ń fa aáṣáà sí imú kí ó lè là. Ìpalára ni ó ń ṣe. Àwọn mìíràn ń ra oògùn tí a ń kán sí imú ní ọjà, èyí tí ń la imú lójú ẹsẹ̀. Bí a bá lo irú rẹ̀ ju ọjọ́ 5 lọ, òun náà lè bẹ̀rẹ̀ sí dí imú ju ti ìṣáájú lọ. Bí dókítà bá ní kí ẹ fi omi iyọ̀ ṣan imú, omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù ni kí ẹ lò, kí ó má ṣe jẹ́ omi odò tàbí ti kànga lásán, nítorí kòkòrò kan lè ti ibẹ̀ gba imú wọ inú ọpọlọ.

Níbo ni kí a lọ? Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára wọn lọ, àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, àti ní ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Wọ́n ní ohun èlò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná, èyí tí wọ́n fi ń wo inú imú. Oògùn tí a ń fín sí imú lójoojúmọ́ yóò tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn mìíràn ni yóò nílò iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bí ojú bá wú, bí ìríran bá ń di méjì, bí ọrùn bá gan, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ti ihò imú kan ṣoṣo jáde léraléra, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fetí sí èyí. Bí ihò imú kan ọmọ bá ń rùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ó lè jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀, àgbàdo tàbí ẹ̀pà ni ó há sí i. Ẹ má ṣe fi igi tú u. Ẹ ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

A mọ̀ pé owó ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tí Máàkù sọ ìtàn rẹ̀ ti ná gbogbo ohun tí ó ní sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ oníṣègùn, Olúwa kò sì bá a wí nítorí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ bá ti gbàdúrà fún aláìsàn tán, kí ó bi í bóyá ó ní owó ọkọ̀ dé Adó. Jákọ́bù bá àwọn tí ìfẹ́ wọn kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ wí. Kí ìbáwí náà má ṣe jẹ́ tiwa.

Kí a tó kúrò ní ìjọ tí a wí yìí, ìyá náà ti padà sí ìjókòó rẹ̀ láàrin àwọn akọrin. Nígbàkúùgbà tí ó bá gbé ohùn sókè, ọpẹ́ ni fún wa, ìbáwí sì ni pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó fi èémí ìyè sí ihò imú wa, bùkún ọwọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, kí Ó mú ìtìjú kúrò lára àwọn tí ń jìyà ní ìkọ̀kọ̀, kí Ó sì fi ọgbọ́n fún àwa tí ń gba wọ́n nímọ̀ràn, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.