Jagunjagun Tó Mọ Ẹni Tí Òun Ń Bá Jà

Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn ará abúlé Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi ní ìpínlẹ̀ Kaduna, péjọ láti ṣe Máólúdù. Dírónù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ju àdó olóró lù wọ́n. Àwọn tó yè é sọ pé bí àwọn aládùúgbò ṣe sáré wá gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni òmíràn tún já lé wọn lórí. Àjọ NEMA, tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, ní òkú 85 ni wọ́n sin. Obìnrin, ọmọdé àti arúgbó wà nínú wọn. Àwọn ológun gbà pé àwọn ló ṣe é, wọ́n ní agbébọn làwọn pè wọ́n. Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja, olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà, lọ sí abúlé náà, ó sì tọrọ àforíjì.

Ó dára tó lọ. Àmọ́ "a ṣì í ṣe" yìí kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ òfurufú ológun wa ju àdó sí àgọ́ àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno. Àwọn tó sá fún ikú ni ikú wá bá nínú àgọ́, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Àṣìṣe ni wọ́n pe ìyẹn náà.

Àwọn kan á ní agbébọn ń jí ọmọ ilé ìwé gbé, wọ́n sì ń fara pamọ́ sáàárín ará abúlé. Pé kí ológun tó wádìí tán, ọ̀tá á ti sá lọ. Mi ò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé kò ní fẹ́ gbọ́ ìwàásù lórí sùúrù. Ṣùgbọ́n ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ọba tó gé gbogbo ọwọ́ nítorí ìka kan ti di ọ̀daràn fúnra rẹ̀. Àfikún tí wọ́n ṣe lọ́dún 1977 sí àdéhùn Geneva lórí òfin ogun sọ pé bí iyèméjì bá wà bóyá ẹnì kan jẹ́ ológun tàbí ará ìlú, ará ìlú ni kí a kà á sí. Ogun láàárín orílẹ̀-èdè ni wọ́n ṣe òfin yẹn fún. Bí a bá jẹ àjèjì ní irú ìkíyèsára bẹ́ẹ̀, kí ni ká wá sọ nípa ọmọ ilẹ̀ wa?

Òfin inú ìwé kò sì lè yìnbọn, kò lè dáwọ́ ìbọn dúró. Ènìyàn ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń pa àwọn ará abúlé My Lai ní Vietnam, títí kan ìkókó. Hugh Thompson, ọ̀dọ́ ológun tó ń wa hẹlikópítà, rí i látòkè. Ó balẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ará abúlé tó ń sá lọ. Ó ní kí àwọn méjì tó wà pẹ̀lú òun yìnbọn sí àwọn ológun náà bí wọ́n bá fẹ́ pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì pe hẹlikópítà mìíràn kó wá gbé wọn lọ. Nígbà tó délé, àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Soldier's Medal. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè kojú ọ̀tá. Ẹni tó dúró níwájú ìbọn ẹgbẹ́ ara rẹ̀ nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí, ọmọlúàbí lèmi ń pe ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a kò gbé ìbọn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kéde lórí rédíò pé ọkọ̀ òfurufú ti pa ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ agbébọn, àtẹ́wọ́ la máa ń pa, a kì í bèèrè ta ló wò wọ́n dájú kí àdó tó já. Lórí Tudun Biri, àwọn ológun kéde lọ́dún 2024 pé méjì nínú àwọn ọmọ ogun tọ́rọ̀ kàn yóò jẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ ológun. Ẹ bi àwọn aṣòfin yín ibi tí ẹjọ́ náà dé.