Ìdákọ̀ró Rẹ Kì Í Ṣe Tìrẹ Nìkan

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:27-44

Tíṣà kan wà ní agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì tó yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣe onídùúró fún un. Ó san owó náà fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ kò ká a mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí owó oṣù àwọn onídùúró dín ni wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń kó owó jọ kí ọmọ rẹ̀ lè wọ yunifásítì ní Ọ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n tọ̀ ọ́ lọ, ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Èmi ni mo jẹ gbèsè mi, kò kan ẹnikẹ́ni."

Olùfẹ́, ṣé òótọ́ ni? Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ayé ènìyàn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tó fi jẹ́ pé bó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, òun nìkan ni yóò jìyà rẹ̀? Ìbéèrè tí a ó yẹ̀ wò lónìí nìyí, ojú omi ni a ó sì ti wá ìdáhùn rẹ̀.

Àwa ará àríwá Èkìtì kò ní òkun. Omi dáàmù Ìtàpájì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀, níbi tí apẹja ti lè so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èèkàn létí omi kó sì gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n ń gbé. Tọkọtaya kan, tàbí ẹnì kan ṣoṣo, á ra ọkọ̀ tirẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gbé e láti erékùṣù kan dé òmíràn. Àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré wà ní Èkó pàápàá. Láti ọdún 1932 ni wọ́n ti dá Lagos Yacht Club sílẹ̀. Ní erékùṣù Cape Verde, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn tó ń bọ̀ láti Yúróòpù máa ń dúró ní èbúté Mindelo kí wọ́n tó la òkun Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean.

Bí o bá wo irú ìgbé ayé yìí, o lè sọ pé kò sí ẹni tó lómìnira tó wọn. Kò sí ọ̀gá lórí wọn, kò sì sí onílé tó ń béèrè owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, wọ́n á wá ibi tí omi ti rọ̀ lẹ́bàá erékùṣù, wọ́n á sì bá ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹni tó dá wà láàárín òkun ti di aládùúgbò nìyẹn. Ibẹ̀ ni yóò ti ju ìdákọ̀ró rẹ̀ sínú omi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwúwo ìdákọ̀ró nìkan ló ń mú ọkọ̀ dúró. Rárá o. Ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ wọ inú ilẹ̀ kó sì di ilẹ̀ mú. Bí omi bá jìn ní mítà 5, ṣéènì tí wọ́n máa tú sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 25. Bó bá jẹ́ okùn ni, ó lè tó mítà 35. Ìdí ni pé ṣéènì tó gùn máa ń sùn sílẹ̀, bí atẹ́gùn bá sì fa ọkọ̀, ńṣe ni ìdákọ̀ró túbọ̀ ń wọlẹ̀. Ṣéènì tó kúrú á fà á sókè, á sì tú. Ibi tí iyanrìn wà ni wọ́n ń jù ú sí, kì í ṣe orí òkúta iyùn tí ẹja ń fi ṣe ilé, nítorí ìdákọ̀ró kan lè fọ́ ohun tó ti ń dàgbà láti ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀ sẹ́yìn láti dán an wò. Wọ́n á wá yan ohun méjì lórí ilẹ̀, bí igi àti ilé, wọ́n á sì máa wò wọ́n. Bí ìdúró àwọn ohun náà sí ara wọn bá ń yí padà, kì í ṣe igi ló ń rìn, ìdákọ̀ró ló ń wọ́.

Òfin kan tún wà láàárín wọn: ẹni tó bá kẹ́yìn dé gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ti wà níbẹ̀, nítorí bí atẹ́gùn bá yí, gbogbo ọkọ̀ ló máa yí. Kí ló dé tí wọ́n fi ka èyí sí tó bẹ́ẹ̀? Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cabo San Lucas, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní oṣù Kejìlá ọdún 1982. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun ló dúró nítòsí ara wọn níwájú etíkun náà. Ìjì dé lójijì láti ojú òkun. Àwọn tí ìdákọ̀ró wọn tú ń wọ́ lọ lu àwọn tí tiwọn ṣì dì mú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ tó lé ní 20 ti gúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

Joshua, ọkọ̀ Bernard Moitessier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára wọn. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ yìí nígbà tó yí ayé ká lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀, fún nǹkan bí oṣù 10, láìdúró ní èbúté kankan. Ìgbì òkun ńlá kò rí ọkọ̀ náà gbé ṣe. Níbi ìsinmi, láàárín àwọn aládùúgbò, ni ó ti pàdánù rẹ̀. Nítorí náà, má ṣe yára dá ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì lẹ́bi. Ìdákọ̀ró ẹlòmíràn lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nínú Bíbélì kíkà wa, àwọn atukọ̀ ju ìdákọ̀ró 4 sílẹ̀ lóru nítorí wọ́n ń bẹ̀rù òkúta. Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ ju ìdákọ̀ró mìíràn sí iwájú ọkọ̀, àṣé wọ́n fẹ́ sá lọ ni! Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró, ìyókù kò ní là. Ènìyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn ọmọ-ogun gé okùn ọkọ̀ kékeré náà, àwọn atukọ̀ dúró, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀ láàyè.

Bóyá ò ń sọ pé, "Ṣé kí n wá máa ru ẹrù gbogbo ayé ni?" Rárá. Nínú Gálátíà orí 6, ẹsẹ 2 ní ká máa ran ara wa lẹ́rù, ẹsẹ 5 sì ní kí oníkálukú ru tirẹ̀. Wọn kò tako ara wọn. Lójú omi, oníkálukú ló ń ju ìdákọ̀ró tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ara rẹ̀ àti nítorí aládùúgbò ló ṣe ń jù ú dáadáa. Bí o bá sì rí i lóru pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ń wọ́, o kò ní sọ pé kò kàn ọ́. Fèrè ni wàá fun kó lè jí. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé owó tán lọ́wọ́ tíṣà yẹn. Dídákẹ́ tó dákẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ká ní ó ti pe àwọn mẹ́ta náà ní oṣù àkọ́kọ́, wọn ì bá jọ lọ bẹ àwọn olóyè ẹgbẹ́ kí wọ́n dín iye tó ń san lóṣù kù. Títí dòní wọ́n ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹun pọ̀ mọ́.

Ìwọ ńkọ́? Ìwọ bàbá tí o kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ mọ́, bó bá dá ọ wó, ta ni yóò sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì ọ́ ní ilé ìwòsàn ní Ìdó? Ìwọ awakọ̀ tí táyà rẹ ti jẹ tán, èèyàn mélòó lo ń gbé láti Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́? Ta ni okùn rẹ yóò fà bó bá tú?

OHUN TÍ O MÁA ṢE LÓNÌÍ: Yan ohun kan tí o ti ń fi pamọ́ pé kò kan ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, lọ sọ ọ́ fún ẹni tí yóò bá ọ jìyà rẹ̀ bó bá bàjẹ́.

ÀDÚRÀ: Olúwa, má ṣe jẹ́ kí àìbìkítà mi rì ọkọ̀ ọmọnìkejì mi. Fún mi ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀ nígbà tí okùn mi bá ń tú. Ní orúkọ Jésù. Àmín.